Bí Ayàwòrán Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Lè Máa Gba Owó Oṣooṣù Lọ́wọ́ Àwọn Alátìlẹ́yìn Rẹ̀

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ayàwòrán tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, tí àwọn ènìyàn ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé àyè kan lórí Instagram, Facebook tàbí X, ṣùgbọ́n tí owó tó ń wọlé fún un kò ní ọjọ́, tí kò sì ní iye. Lónìí, ẹnìkan lè ní kí ó ya àwòrán ìyàwó tuntun kí ó sì san owó tó jọjú fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù méjì lè kọjá láìsí ẹni tí yóò pè é. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe lè ní nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn tí ń san owó kékeré fún un lóṣooṣù, kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀ kí ó ti mọ̀ pé owó dátà, owó iná àti díẹ̀ nínú owó ilé wà nílẹ̀. Ayàwòrán tó ń gbé Ìbàdàn, tó ń ya ìtàn alàwòrán sórí fóònù tàbí tábílẹ́ẹ̀tì, ni n ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní London. Olórin, akéwì àti apààlọ́ lè mú èyí tó bá iṣẹ́ tiwọn mu nínú rẹ̀.

Ètò náà ti pẹ́ díẹ̀. Ní ọdún 2013, Jack Conte, olórin ará Amẹ́ríkà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo fídíò rẹ̀ lórí YouTube ṣùgbọ́n tí owó ìpolówó ibẹ̀ kò tó nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, pa pọ̀ pẹ̀lú Sam Yam láti dá Patreon sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ẹnìkan lè máa sanwó fún un tààrà. Àwọn mìíràn ti wà báyìí, bíi Ko-fi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Selar ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ni owó wọn lè dé Ìbàdàn, a ó sì dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ẹni tó lè sanwó nínú àwọn tó ń wo iṣẹ́ yín

Iye ènìyàn tó ń tẹ̀lé yín kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan. Ẹni tí 20,000 ènìyàn ń tẹ̀lé lè má rí mẹ́wàá nínú wọn tí yóò mú káàdì jáde, nígbà tí ẹni tó ní 1,500 lè rí ogójì. Ẹ padà sínú ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ti kọ sábẹ́ iṣẹ́ yín láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ sì fara balẹ̀ kà á. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ yóò jẹ́ “ẹ kú iṣẹ́”, “ọwọ́ yín kò ní í rọ”, tàbí àwòrán ọkàn pupa lásán. Ẹ ṣe àmín sí àdúrà náà, kí ẹ sì máa kà á lọ. Àwọn díẹ̀ ni yóò béèrè pé “ìgbà wo ni apá kejì máa jáde?”, “irú búrọ́ọ̀ṣì wo lẹ fi ya irun orí rẹ̀?”, “ṣé mo lè rí èyí tó tóbi tí mo lè gbé kọ́ ara ògiri?” Ẹni tó ń béèrè ohun tí ẹ kò tíì gbé jáde ni ẹ ń wá. Ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ rò pé ẹni kọ̀ọ̀kan ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí ará Ìlọrin yóò gbà sanwó kọ́ ni ará Houston yóò gbà san tirẹ̀.

Bí orúkọ inú ìwé náà kò bá tó ogún, n kò ní í gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan tó ń tẹ̀síwájú, kí ẹ máa gbé ojú ìwé kan jáde lọ́sẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán ẹyọ kan ṣoṣo, bó ti wù kó dára tó, ẹni tó bá ti wò ó ti wò ó tán. Ìtàn tí kò tíì parí ló ń mú ènìyàn padà wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣe ìlérí tí ẹ lè mú ṣẹ ní oṣù tí ara yín kò bá dá

Ibí yìí ni mo rí i pé ọ̀pọ̀ ti ń ba nǹkan jẹ́, nítorí náà n ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Ayàwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń tijú pé òun ń gba owó, ìtìjú yẹn ló sì ń mú kó ṣèlérí rẹpẹtẹ: àwòrán ojú alátìlẹ́yìn kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, ìwé tí wọ́n tẹ̀ tí wọn yóò fi ránṣẹ́, ìpè fídíò, orúkọ nínú ìtàn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọ̀kan péré nínú rẹ̀. Bí àwòrán ojú kan bá gba wákàtí mẹ́ta, tí alátìlẹ́yìn sì jẹ́ ọgbọ̀n, wákàtí 90 nìyẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ yóò fi ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ yà á, kí ó tó fọwọ́ kan ìtàn tí wọ́n torí rẹ̀ wá. Ní ti ìwé títẹ̀, owó tí ilé iṣẹ́ akẹ́rù yóò gbà láti gbé bébà kan láti Ìbàdàn dé London lè ju owó tí ẹni náà yóò san fún oṣù mélòó kan lọ. Ẹ má ṣe ṣèlérí ohunkóhun tó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ohun tó yẹ kí ẹ fún wọn ni èyí tí iṣẹ́ yín ń pèsè fúnra rẹ̀, tí ẹ ti ń jù nù tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń lo ibisPaint lórí fóònù Android ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí ó lè má mọyì rẹ̀: bí ó ti ń yàwòrán ni áàpù náà ń ka gbogbo ìfà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá padà síbi tí iṣẹ́ yín wà níbẹ̀, tí ẹ tẹ àmì eré, ẹ ó rí i tí àwòrán náà ń dìde láti orí ìlà àkọ́kọ́ títí dé àwọ̀ ìkẹyìn, ẹ sì lè fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi fídíò. Procreate náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí iPad. Ẹ gé fídíò náà sí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi ohùn ara yín sọ ìdí tí ẹ fi kọ́kọ́ ya ojú obìnrin náà kí ẹ tó wé gèlè lé e lórí, àti ìdí tí ẹ fi pa ojú ìwé tí ẹ kọ́kọ́ yà rẹ́. Kò ju iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú lọ, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ àwòrán yóò sì fi tayọ̀tayọ̀ sanwó kí ó lè rí i.

Èkejì ni bí fáìlì ṣe tóbi tó. Àwòrán tí ẹ ń gbé sórí Instagram kì í sábà fẹ̀ ju píksẹ́lì 1080 lọ, kò sì ní í mọ́ bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá. Bí ẹ bá ń yàwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí pátákó tó jẹ́ píksẹ́lì 2480 sí 3508, èyí tó bá bébà A4 mu fún ìtẹ̀wé tó mọ́ kedere, ẹ lè gbé kékeré síta fún gbogbo ayé, kí ẹ sì fi ńlá fún àwọn tó ń sanwó. Ìkẹta ni àsìkò: kí alátìlẹ́yìn ka ojú ìwé tuntun ní ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó jáde fún gbogbo ènìyàn. Ìkẹrin ni orúkọ wọn lójú ìwé ìkẹyìn, bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè o, nítorí pé àwọn kan wà tí kò fẹ́ kí ọ̀gá tàbí ẹbí mọ ibi tí owó wọn ń lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá ọjọ́. “Láìpẹ́” kì í ṣe ọjọ́, “lóṣù yìí” náà kì í ṣe ọjọ́. Ẹ sọ pé ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó yẹ̀. Alájọ tí gbogbo ọjà fọkàn tán kò ní àṣírí mìíràn ju pé ó ń dé ní ọjọ́ tó dá lọ, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn yín yóò sì fi mọ̀ yín nìyẹn. Kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ti ya iṣẹ́ oṣù méjì pamọ́. Iná yóò lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ibà yóò dé, ẹbí yóò ní kí ẹ wá sí òkú ní Ìkìrun. Iṣẹ́ tó wà nípamọ́ ni yóò jáde ní Sátidé náà, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹ kò sí nílé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣírò iye owó, kí ẹ sì ṣírò ohun tí yóò kù

Ìpele mẹ́ta, ìyẹn iye owó mẹ́ta tí alátìlẹ́yìn lè mú ọ̀kan nínú wọn, ti tó. Ẹni tó bá bá ìpele méje pàdé yóò ronú títí yóò fi jáde. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé iye tí ènìyàn san kọ́ ni iye tí ẹ óò gbà. Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, fún àpẹẹrẹ, ń gba ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí a san láti inú Nàìjíríà, ó sì ń fi ₦100 lé e, àfi bí owó náà bá kéré sí ₦2,500, nígbà náà ni kì í gba ₦100 yẹn. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe. Bí ìpele àárín yín bá jẹ́ ₦2,500, wọn yóò yọ ₦137.50, ₦2,362.50 ni yóò sì wọlé. Bí ẹ bá fi í sí ₦2,400, ₦36 péré ni wọn yóò yọ, ₦2,364 ni yóò wọlé. Ẹni tí owó rẹ̀ dín ní ọgọ́rùn-ún náírà ló mú owó tó pọ̀ jù wá! Àwọn tó bá ń gba owó ńlá lè fojú fo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó owó kéékèèké jọ kò gbọ́dọ̀ fojú fò ó.

Ní ti Patreon, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹjọ ọdún 2025 yóò máa san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún wọn, yàtọ̀ sí owó tí wọ́n ń yọ fún iṣẹ́ káàdì. Owó káàdì yìí jẹ́ ìdá 2.9 àti sẹ́ǹtì 30 lórí owó tó ju $3 lọ. Lórí $3 sísàlẹ̀, ó jẹ́ ìdá 5 àti sẹ́ǹtì 10. Nítorí náà, ẹni tó san $1 fún yín, nǹkan bíi sẹ́ǹtì 75 ni yóò kù níbẹ̀. Ẹni tó san $5, nǹkan bíi $4.05 ni yóò kù. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni $1 ń pàdánù, $5 kò sì pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún. Fún àwọn tó wà lókè òkun, n kò rí ìdí tí ìpele tó kéré jù yóò fi wà nísàlẹ̀ $5. Ẹ tún yẹ ojú ìwé owó wọn wò ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ń yí iye owó wọn padà.

Ẹ wá jẹ́ kí a pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ká ní ènìyàn 25 ń san ₦1,000, ènìyàn 12 ń san ₦2,400, ènìyàn mẹ́ta ń san ₦5,000, lẹ́yìn tí Paystack bá ti yọ tirẹ̀, ₦67,468 ni yóò kù lóṣù. Bí ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lókè òkun bá ń san $5, ó lé díẹ̀ ní $60 tí yóò kù lórí Patreon, kí ọ̀nà tí owó ń gbà dé ilé tó mú tirẹ̀. Ènìyàn 55 ni gbogbo rẹ̀. Kò sọ ènìyàn di olówó, ṣùgbọ́n owó tó ní ọjọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún òkè òkun

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ní Nàìjíríà máa ń ṣí Patreon nìkan, nítorí pé òun ni wọ́n rí lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń wò lókè òkun. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa ṣe kàyééfì pé ará ilé kò sanwó. Láti ìparí ọdún 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì ti dá lílo káàdì náírà dúró fún owó tí a ń san sí òkè òkun, àwọn kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà ní ọdún 2025 ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye tí náírà tó sí dọ́là, $5 ti di owó tí òṣìṣẹ́ ń ronú lé lórí. Ẹ má ṣe ní kí ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà fi dọ́là ràn yín lọ́wọ́.

Fún ilé, ẹ lè lo Selar, tí a ti lè ta fáìlì, tí a sì lè gba owó ọmọ ẹgbẹ́ lóṣooṣù, tó tún ní ibi tí ènìyàn ti lè fún yín lẹ́bùn lásán láìra nǹkan kan. Ẹ sì lè lo Paystack tààrà: ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ ṣe ètò ìsanwó kan tí ẹ ó pè ní orúkọ ìpele yín, kí ẹ yan pé lóṣooṣù ni, kí ẹ sì so ó mọ́ ojú ìwé ìsanwó tí ẹ kò nílò ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà láti bá yín kọ́. Líǹkì kan ni yóò fún yín. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ tó sì fi káàdì rẹ̀ san ní ọjọ́ kẹta oṣù, ní ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò tún yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbani nímọ̀ràn pé kí a ṣí ìlẹ̀kùn náà láàárín ọjọ́ 27 oṣù sí ọjọ́ kejì oṣù tuntun, nígbà tí owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá wọlé ní ọjọ́ 19, lọ́jọ́ tí àkáǹtì ti gbẹ ni ẹ ó máa wá owó débẹ̀ lóṣooṣù.

Fún òkè òkun, ohun tí ẹ kọ́kọ́ níláti mọ̀ kì í ṣe bí ojú ìwé náà ṣe lẹ́wà tó, bí kò ṣe ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san owó jáde. Láti ọdún 2014 tí PayPal ti wọ Nàìjíríà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, sísan owó jáde nìkan ni àkáǹtì Nàìjíríà lè ṣe níbẹ̀. Ko-fi kò gba ìdá kankan lórí ẹ̀bùn lásán, ó sì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n PayPal àti Stripe, tí òun náà ń báni gba owó káàdì, ni ó ń gbà san owó, ẹni tí kò bá ní ọ̀kankan nínú méjèèjì tó lè gba owó kò ní í rí nǹkan kan mú jáde níbẹ̀. Substack náà, tí àwọn òǹkọ̀wé fi ń gba owó lọ́wọ́ òǹkàwé, Stripe ló ń lò. Patreon ló ń san owó sórí Payoneer, àkáǹtì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba dọ́là, láti ibẹ̀ sì ni ẹ ti lè gbé e lọ sí báńkì yín ní Nàìjíríà. Àwọn kan máa ń lo àkáǹtì ẹ̀gbọ́n tó wà ní London. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ rántí pé orúkọ ẹ̀gbọ́n ni owó náà yóò wà ní ojú ìjọba ibẹ̀, ìbéèrè nípa owó-orí yóò sì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun kékeré kan wà tó ń dá owó dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀: orúkọ. Orúkọ tó wà lórí NIN, lórí àkáǹtì báńkì àti lórí Payoneer gbọ́dọ̀ bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Àwa Yorùbá tí a ní orúkọ mẹ́rin, tí báńkì kọ méjì, tí NIN kọ mẹ́ta, tí ẹnìkan tún fi orúkọ ọkọ kún un, kí a tètè lọ tún un ṣe kí dọ́là àkọ́kọ́ tó dé. Ẹ tún kọ ọ́ sókè ojú ìwé yín pé kí ẹni tó ní iPhone forúkọ sílẹ̀ láti inú bíráúsà dípò áàpù Patreon, nítorí pé owó tí Apple ń gbà lórí ohun tí a bá rà nínú áàpù lè tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gba íméèlì wọn

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti Twitter pa, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Ẹni tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà níbẹ̀ nìkan mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì náà lè gba àkáǹtì Instagram lọ́wọ́ ènìyàn ní alẹ́ ọjọ́ kan. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá sanwó, àti ẹni tó bá ń ronú láti san, ẹ gba íméèlì rẹ̀, kí ẹ sì fi àkọsílẹ̀ náà sí ibi méjì. WhatsApp wúlò, ṣùgbọ́n ìfiránṣẹ́ olójú-púpọ̀ rẹ̀ (broadcast) kò lè kọjá ènìyàn 256 nínú àkójọ kan, kò sì ní í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ béèrè ní gbangba, kí ẹ sì béèrè ní ìkọ̀kọ̀

Ìkéde gbangba nìkan kì í mú ènìyàn wá. Ẹ gbé e jáde, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe, iye rẹ̀, ọjọ́ tí yóò máa jáde àti líǹkì méjèèjì. Ẹ má fi ẹkún sí i, ẹ má sì ní kí wọ́n ṣàánú yín, ẹni tó bá torí àánú wá kì í pẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ orúkọ sí ní ìgbésẹ̀ kìíní, kí ẹ sì kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti tó: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ béèrè lọ́jọ́sí nípa apá kejì ìtàn ìyá oníbàtà. Ó ti parí. Láti oṣù yìí lọ, àwọn tó ń ṣàtìlẹ́yìn ni yóò máa kọ́kọ́ kà á, ₦1,000 ni lóṣù. Líǹkì rẹ̀ nìyí. Bí kò bá rọrùn, yóò jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ ṣeun tí ẹ ń kà á.” Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ó jẹ́ kí ẹni tí kò lè san lè máa kà á nìṣó láìsá fún yín.

Àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ ńkọ́? Wọn yóò ní “àbúrò, ṣe tèmi fún mi lọ́fẹ̀ẹ́”. Ẹ fún wọn ní líǹkì gẹ́gẹ́ bíi ti gbogbo ènìyàn, ẹ má sì kà wọ́n mọ́ iye tí ẹ ń retí. Ẹ̀gbọ́n tó fi ₦50,000 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan nítorí inú rẹ̀ dùn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi, kí ẹ sì fi owó náà ra ohun tí iṣẹ́ ń fẹ́. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe owó oṣù.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ máa ṣọ́ àwọn tó kù

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ sílẹ̀: iye ènìyàn tó wọlé, iye ènìyàn tó jáde, iye ènìyàn tí káàdì wọn kọ̀. Bí ènìyàn mẹ́fà bá wọlé tí márùn-ún jáde, ẹyọ kan lẹ fi lé, wàhálà ìkéde gbogbo oṣù náà sì wà lórí ẹyọ kan yẹn. Èmi yóò fi agbára mi sára àwọn márùn-ún tó jáde. Ẹ kọ̀wé sí wọn ní ìlà méjì, ẹ béèrè ohun tó fà á, ẹ má bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà. Bí mẹ́ta nínú wọn bá sọ pé àwọn kò ráyè wo fídíò, ó ti hàn pé fídíò yẹn kò wúlò fún wọn, àwọn fáìlì ni wọ́n ń fẹ́.

Káàdì tó kọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ẹni náà kò bínú, kò tilẹ̀ mọ̀: káàdì rẹ̀ ti kú, tàbí owó kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má retí pé ẹ̀rọ ni yóò lépa rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ránṣẹ́: “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Báńkì kò jẹ́ kí owó oṣù yìí kọjá, ó lè jẹ́ pé káàdì yín ti parí ọjọ́ rẹ̀. Líǹkì tuntun nìyí, nígbàkigbà tó bá rọrùn. Mo ti fi ojú ìwé ti oṣù yìí ránṣẹ́ sí yín ná.” Fífi iṣẹ́ ránṣẹ́ kí owó tó dé yẹn kò ná yín ní nǹkan kan, fáìlì ni, ó sì ń jẹ́ kí ojú má ti ẹni náà.

Fún àwọn tó ti dúró fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ẹ lè jẹ́ kí wọ́n san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà ní owó oṣù mẹ́wàá. Ó ń dín wàhálà káàdì kù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ₦10,000 bá wọlé lọ́nà yìí, ẹ pín in sí méjìlá nínú ìwé yín, kí ẹ sì gbé ìyókù sí àkáǹtì tí ẹ kì í fọwọ́ kàn. Iṣẹ́ oṣù mọ́kànlá ni ẹ ṣì jẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìwé ìjọba

Kò gùn. Patreon yóò ní kí ẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù W-8BEN, tó ń sọ pé ẹ kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. Ẹ fi orúkọ tó wà lórí NIN sí i. Ní ilé, òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 kò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí owó-orí kàn lọ́dún. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ kọ iye tó wọlé fún un fún ọ́fíìsì owó-orí ìpínlẹ̀ rẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹta, owó dọ́là náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ máa tọ́jú rìsíìtì dátà, tábílẹ́ẹ̀tì àti epo jẹnẹrétọ̀, nítorí pé a máa ń yọ ìnáwó iṣẹ́ kí a tó ṣírò.

Bí oṣù kan bá dé tí iṣẹ́ kò lè jáde

Iṣẹ́ tí ẹ yà pamọ́ lè tán. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé, má ṣe jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì rẹ̀. Patreon ní ibi tí ẹ ti lè dá gbígba owó dúró fún oṣù kan láìlé ẹnikẹ́ni jáde, ẹ lò ó kí oṣù tuntun tó wọlé. Fún àwọn tó ń san náírà, tí owó ti lè kúrò lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó mọ̀ pé ara yín kò ní í dá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yan: kí ẹ dá owó oṣù náà padà, tàbí kí wọ́n gba iṣẹ́ oṣù méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dá ọjọ́ tí iṣẹ́ méjèèjì yóò jáde nínú ìwé kan náà tí ẹ fi tọrọ gáfárà, ẹni tó bá sì ní kí ẹ dá owó òun padà, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an, láìbéèrè ìdí.